Osborne: Ilé Ọbabìnrin Victoria Létí Òkun, àti Àìná Ọmọ Òkè-Ọ̀dàn

Nínú ìtàn Yúróòpù, ààfin àkókò ooru ni orúkọ tí a fún ilé tí ọba tàbí ọbabìnrin ń lọ gbé fún oṣù díẹ̀ lọ́dọọdún, nígbà tí òtútù bá ti kásẹ̀ nílẹ̀, tí ọjọ́ gùn, tí èéfín àti òórùn olú-ìlú sì ti sú àwọn tí ó ń gbé inú rẹ̀. Fún òǹkàwé tí ó wà ní Manigri tàbí Bassila, ní ẹkùn Donga ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, ọ̀rọ̀ náà fẹ́ àlàyé díẹ̀, nítorí pé òjò àti ẹ̀ẹ̀rùn ni ó pín ọdún sí méjì níbẹ̀, kò sì sí ẹni tí ń wá oòrùn kiri. Òkun pẹ̀lú fẹ́ àlàyé. Fún àwọn Nàgó tí ó wà ní àárín gbùngbùn ilẹ̀ náà, láti Ìdáàṣà àti Ṣábẹ̀ẹ́ dé Manigri, òkun kì í ṣe ibi ìgbafẹ́ ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún; ọ̀nà tí ó lọ sí etí òkun ní Wídà gba ilẹ̀ Dàhòmì kọjá, ẹni tí a bá sì fi okùn sí lọ́rùn gba ọ̀nà náà kì í sábàá padà wá sọ ohun tí ó rí.

Osborne, tí ó wà ní erékùṣù Wight ní gúúsù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, jẹ́ ọ̀kan nínú irú àwọn ilé bẹ́ẹ̀ tí òkìkí wọn kàn jù lọ, ìtàn rẹ̀ sì kan Yorùbá ju bí ọ̀pọ̀ ìwé tí ó sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ ṣe fi hàn. Ohun tí ó ṣe pàtàkì jù lọ nínú ìtàn yìí ni pé Osborne kì í ṣe ààfin rárá bí a bá fi ojú àṣà Yorùbá wò ó. Ààfin jẹ́ ti ìlú: ọba tí ó wàjà a fi í sílẹ̀ fún ẹni tí ó bá gun orí ìtẹ́ lẹ́yìn rẹ̀, àwọn ọmọ rẹ̀ kò sì lè pín in bí ogún, ṣùgbọ́n ilé tí ọba náà fi owó ara rẹ̀ kọ́ jẹ́ ti ìdílé rẹ̀, àwọn ni wọn yóò sì pinnu ohun tí yóò dà. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì náà mọ ìyàtọ̀ yìí, wọ́n sì ní ọ̀rọ̀ òfin fún un, nítorí pé àwọn ààfin Windsor àti Buckingham jẹ́ ti adé, nígbà tí Osborne jẹ́ ti ọbabìnrin Victoria àti ọkọ rẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀ ni ìlú Brighton, létí òkun kan náà, níbi tí ọba George Kẹrin ti kọ́ ààfin aláràbarà kan tí òrùlé rẹ̀ dà bí ti àwọn ọba ilẹ̀ Íńdíà. Nígbà tí Victoria gun orí ìtẹ́ ní ọdún 1837, Brighton ti kún fọ́fọ́, ilé àwọn ará ìlú ti yí ààfin náà ká, àwọn èrò a sì máa tẹ̀ lé e kiri tí ó bá jáde láti rìn létí omi. Ó fẹ́ Albert, ọmọ ọba láti ilẹ̀ Jámánì, ní ọdún 1840, ọmọ sì bẹ̀rẹ̀ sí í dé ní tẹ̀lé-n-tẹ̀lé. Àwọn méjèèjì ń wá ibi tí wọn yóò ti jẹ́ bàbá àti ìyá lásán. Erékùṣù Wight kò ṣe àjèjì sí ọbabìnrin náà, nítorí pé ìyá rẹ̀ ti mú un lọ síbẹ̀ nígbà èwe rẹ̀ ní ọdún 1831 àti 1833. Robert Peel, tí ó jẹ́ olórí ìjọba nígbà náà, ni ó bá wọn wá ilẹ̀ náà rí. Ní ọdún 1845 ni wọ́n rà á lọ́wọ́ obìnrin ọlọ́lá kan tí ń jẹ́ Lady Isabella Blachford. Ilẹ̀ tí wọ́n kọ́kọ́ rà kò tó 150 hẹ́kítà, ṣùgbọ́n wọ́n ń rà kún un títí ó fi tó nǹkan bí 800. Ojú irin ti dé Gosport ní èbúté tí ó dojú kọ erékùṣù náà láti ọdún 1841, èyí ni ó sì mú kí ó ṣeé ṣe fún ẹni tí ìwé ìjọba ń wá kiri láti gbé ibi tí omi yí ká. Ààfin Brighton ni wọ́n tà fún ìlú Brighton fúnra rẹ̀ ní ọdún 1850, ní 53,000 pọ́n-ùn, lẹ́yìn tí wọ́n ti kó àwọn ohun ọ̀ṣọ́ inú rẹ̀ jáde.

Albert kò pe ayàwòrán-ilé ńlá kankan. Thomas Cubitt, agbaṣẹ́ṣe tí ó ti kọ́ ọ̀pọ̀lọpọ̀ àdúgbò olówó ní Lọ́ńdọ̀nù, ni òun pẹ̀lú rẹ̀ jọ yà á, wọ́n sì fi ọdún mẹ́fà kọ́ ọ, láti 1845 dé 1851. Ìdílé náà ti kó sí apá àkọ́kọ́ ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1846, wọ́n sì wó ilé àtijọ́ tí ó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Bí ilé àwọn ọlọ́lá ilẹ̀ Ítálì ni wọ́n ṣe é: ilé ìṣọ́ gíga méjì, tí kì í ṣe fún ogun bí kò ṣe fún wíwo òkun àti ilẹ̀, ògiri bíríkì tí wọ́n fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ kí ó lè dà bí òkúta, àti ilẹ̀ pẹrẹsẹ tí ó ń sọ̀ kalẹ̀ ní ìpele ìpele pẹ̀lú òdòdó àti ìsun omi, títí dé ọ̀nà tí ó lọ sí etíkun. Omi tí ó wà níwájú ilé náà ni a ń pè ní Solent, ìyẹn òkun tóóró tí ó ya erékùṣù náà kúrò lára ilẹ̀ ńlá, Albert a sì máa sọ pé ó rán òun létí etíkun Naples. Ọgbà náà ni ó fẹ́ràn ju ilé lọ. Òun ni ó yan ibi tí igi kọ̀ọ̀kan yóò wà, ìtàn tí wọ́n sì ń sọ ni pé orí ilé ìṣọ́ ni ó máa ń dúró sí tí yóò máa fi àsíá júwe fún àwọn òṣìṣẹ́ tí ń gbin igi nísàlẹ̀. Ó dára kí a sọ ọ́ síbí pé igi títọ́jú kì í ṣe ohun tuntun fún ará Bassila, níbi tí àwọn igbó òrìṣà ṣì wà lẹ́bàá ilé; ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé èèwọ̀ ni ó dá irú igbó bẹ́ẹ̀ sí, tí ẹnikẹ́ni kò gbìn ín, nígbà tí ó jẹ́ pé ojú ni ọgbà Osborne wà fún, tí a sì ń tún ohun tí a bá gbìn fà tu bí kò bá bá ìwò mu.

Ọmọ mẹ́sàn-án ni Victoria bí, ìwà tí àwọn òbí náà sì fẹ́ kọ́ wọn hàn kedere nínú apá kan ọgbà náà. Ní ọdún 1853 sí 1854 ni wọ́n kọ́ ilé onígi kan síbẹ̀, irú èyí tí àwọn ará orí òkè Switzerland ń gbé, tí ilé ìdáná inú rẹ̀ sì jẹ́ èyí tí àwọn ọmọbìnrin ọba lè fi ọwọ́ ara wọn dá iná nínú rẹ̀. Níwájú ilé náà, ọmọ kọ̀ọ̀kan ní ebè tirẹ̀, pẹ̀lú ọkọ́, ṣọ́bìrì àti ọmọlanke kékeré tí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sí lára. Ewébẹ̀ tí wọ́n bá kórè, bàbá wọn ni ó ń rà á lọ́wọ́ wọn ní iye tí wọ́n ń tà á lọ́jà. Ẹni tí ó bá dàgbà sí abúlé ní ilẹ̀ Yorùbá mọ ohun tí ó jọ èyí, ìyẹn oko kékeré tí ọmọ máa ń ní fún ara rẹ̀, tí yóò ro lẹ́yìn tí ó bá ti ṣe ti bàbá tán. Ṣùgbọ́n ti Osborne jẹ́ ẹ̀kọ́ àti eré pọ̀, nítorí pé kò sí ọ̀kan nínú àwọn àgbẹ̀ náà tí ebi lè pa. Ní ẹ̀bá òkun, Victoria fúnra rẹ̀ wọ inú omi fún ìgbà àkọ́kọ́ ní oṣù keje ọdún 1847, láti inú ilé onígi kan tí ó ní ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́, tí wọ́n máa ń tì wọ inú omi kí ojú ẹnikẹ́ni má baà rí i.

Ní àkókò tí wọ́n ń parí ilé yìí ni Àìná wọ ìtàn náà. Orúkọ àmútọ̀runwá ni Àìná jẹ́, tí a ń fún ọmọbìnrin tí ó bá gbé ìwọ́ kọ́ ọrùn wáyé, òun nìkan sì ni ohun ìní tí ó bá ọmọ yìí dé òkè òkun. Wọ́n bí i ní nǹkan bí ọdún 1843 ní Òkè-Ọ̀dàn, ní ilẹ̀ Ẹ̀gbádò tí a ń pè ní Yewa lónìí. Ní ọdún 1848, àwọn ọmọ ogun Gézò, ọba Dàhòmì, ya bo ìlú náà, wọ́n pa àwọn òbí rẹ̀, wọ́n sì kó o lọ sí Àgbómẹ̀. Níbẹ̀, ọba kọ̀ọ̀kan kì í gbé inú ilé ẹni tí ó ṣáájú rẹ̀. Yóò kọ́ tirẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, títí àwọn ààfin náà fi gba ilẹ̀ tí ó ju 40 hẹ́kítà lọ, tí àjọ UNESCO kà mọ́ ohun àjogúnbá aráyé ní ọdún 1985. Àwọn ọba Dàhòmì náà ní ibi tí wọ́n ń yà sí láti kúrò ní olú-ìlú, ìyẹn Kana, tí kò jìnnà sí Àgbómẹ̀, tí ààfin àti ibojì ọba wà. Kana yìí kan náà ni wọ́n ti máa ń san ìṣákọ́lẹ̀ fún Aláàfin Ọ̀yọ́ ní ọ̀rúndún kejìdínlógún, kí Gézò tó kọ̀ láti san án mọ́. Bí Gézò ṣe yọ ọrùn Dàhòmì kúrò lábẹ́ Ọ̀yọ́, tí Ọ̀yọ́ fúnra rẹ̀ sì ń tú ká, àwọn ìlú Nàgó àti Ẹ̀gbádò di oko tí ó ti ń kó ẹrú.

Ní ọdún 1850, ọ̀gágun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì kan tí ń jẹ́ Frederick Forbes, tí ọkọ̀ rẹ̀ ń jẹ́ Bonetta, wá sí Àgbómẹ̀ láti rọ Gézò pé kí ó jáwọ́ nínú òwò ẹrú. Gézò kò gbà. Forbes rí Àìná láàárín àwọn tí wọ́n tò sílẹ̀ fún ìrúbọ, ó sì bẹ̀bẹ̀ pé kí ọba fi ọmọ náà ta ọbabìnrin òun lọ́rẹ. Ọgbọ́n ni ó lò, nítorí pé ẹ̀bùn láti ọ̀dọ̀ ọba sí ọbabìnrin jẹ́ ohun tí Gézò lè ṣe láìtẹ́, ṣùgbọ́n ó túmọ̀ sí pé a gba ẹ̀mí ọmọ náà là nípa kíkà á mọ́ ẹrù. Wọ́n ṣe ìsàmì fún un ní Àgbádárìgì, wọ́n sì sọ ọ́ ní Sarah Forbes Bonetta: orúkọ ọ̀gágun àti orúkọ ọkọ̀ ojú omi bo Àìná mọ́lẹ̀. Ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kọkànlá ọdún 1850, ní Windsor, Victoria rí i, ó sì gbà láti máa san owó ìtọ́jú rẹ̀.

Ní ìhín ni ìyàtọ̀ láàárín ààfin àti ilé ti di ohun tí ó ṣòroó yà sọ́tọ̀. Gẹ́gẹ́ bí ẹ̀bùn ìjọba sí ìjọba, ó yẹ kí Àìná jẹ́ ti adé, bí ìtẹ́ onígi àti aṣọ tí Forbes kó dé láti ọ̀dọ̀ Gézò. Ṣùgbọ́n owó ara Victoria ni wọ́n fi tọ́ ọ. Ilé àwọn ẹlòmíràn ni ó gbé: lọ́dọ̀ ìdílé Forbes ní àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà ní ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọbìnrin ní Freetown, ní ilẹ̀ tí Yorùbá ń pè ní Sàró, nítorí wọ́n rò pé òtútù ni ó ń fa àìlera rẹ̀, àti láti 1855 lọ́dọ̀ ìdílé James Frederick Schön ní Kent, míṣọ́nnárì tí òun àti Àjàyí Crowther jọ gba odò Ọya lọ ní ọdún 1841. Ó gbọ́ èdè, ó mọ orin kọ. A gbọ́dọ̀ kíyè sí i pé òun kọ́ ni ó yan ibi kankan nínú ìwọ̀nyí.

Albert kú ní Windsor ní oṣù kejìlá ọdún 1861, nínú ọdún kan náà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì gba Èkó lọ́wọ́ Ọba Dòsùnmú. Ọbabìnrin náà wọ aṣọ dúdú, kò sì bọ́ ọ títí tí òun náà fi kú. Osborne, tí ó jẹ́ ilé ayọ̀, di ilé opó, tí wọn kò gbọdọ̀ yí ohun kan padà nínú yàrá olóògbé náà. Àwọn mínísítà sì ń la omi kọjá láti Lọ́ńdọ̀nù wá gba ìfọwọ́sí rẹ̀, inú bí wọn tàbí kò bí wọn. Ní oṣù kìíní ọdún 1878, Alexander Graham Bell wá síbẹ̀ láti fi tẹlifóònù, tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe jáde, hàn án.

Ní oṣù kẹjọ ọdún 1862 ni Àìná fẹ́ James Pinson Labulo Davies ní Brighton. Oníṣòwò ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí sí Sàró ni Davies, òun ni ó sì fi owó ran Thomas Babington Macaulay lọ́wọ́ láti dá ilé ẹ̀kọ́ gírámà CMS sílẹ̀ ní Èkó ní ọdún 1859. Èkó ni tọkọtaya náà padà wá gbé. Ọmọ wọn àkọ́kọ́, obìnrin, ni wọ́n sọ ní Victoria, ọbabìnrin náà sì jẹ́ ìyá ìsàmì fún un. Àìná kú ní ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù kẹjọ ọdún 1880, ní Funchal ní erékùṣù Madeira, níbi tí ó ti lọ wá ìwòsàn fún ikọ́ ẹ̀gbẹ. Ọmọbìnrin rẹ̀ wà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà náà, Osborne ni ó sì ti lọ rí ìyá ìsàmì rẹ̀ ní ọjọ́ tí ó gbọ́ ikú náà. Àwọn méjèèjì tí ó pàdé níbẹ̀ ń ṣọ̀fọ̀, ọ̀kan fún ọkọ láti bí ogún ọdún, èkejì fún ìyá láti àárọ̀ ọjọ́ náà. Davies ní tirẹ̀ gbé òpó òkúta kan ró ní ìrántí ìyàwó rẹ̀ sí Ìjọ̀n, lẹ́bàá Èkó, lórí ilẹ̀ tí ó ti bẹ̀rẹ̀ oko kòkó, tí ó wà lára àwọn àkọ́kọ́ ní gbogbo agbègbè náà. Ọmọ rẹ̀ Victoria wá fẹ́ John Randle, dókítà tí ó jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn olóṣèlú àkọ́kọ́ ní Èkó.

Ohun ńlá tí wọ́n fi kún ilé náà kẹ́yìn ni gbọ̀ngàn Durbar, tí wọ́n kọ́ ní 1890 sí 1891. Durbar jẹ́ ọ̀rọ̀ èdè Páṣíà tí ó dé Íńdíà, tí ó túmọ̀ sí àgbàlá ọba níbi tí ó ti ń gba àlejò. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ni ó gbé e wá sí ilẹ̀ Haúsá, tí ó fi di orúkọ àṣehàn ẹlẹ́ṣin tí ó jọ Gaani tí wọ́n ń ṣe ní Nikki, tí àwọn ará Bassila mọ̀ dáadáa. Victoria ti di ọba àwọn ọba Íńdíà láti ọdún 1877, ṣùgbọ́n kò dé ibẹ̀ rí. Bhai Ram Singh, oníṣẹ́ ọnà láti Lahore, ni ó wá gbé Íńdíà kalẹ̀ fún un sínú ilé, tí ògiri àti àjà fi kún fún ọnà funfun tí a fi ọwọ́ ṣe. Bí ẹnikẹ́ni bá ṣì rò pé ilé bàbá, ìyá àti ọmọ lásán ni Osborne, gbọ̀ngàn yìí yóò já a ní irọ́.

Victoria kú ní Osborne ní ọjọ́ kejìlélógún oṣù kìíní ọdún 1901, lọ́wọ́ ọmọ-ọmọ rẹ̀ Wilhelm, ọba Jámánì. Ó ti kọ ọ́ sínú ìwé ìhágún rẹ̀ pé kí ilé náà má ṣe kúrò lọ́wọ́ ìdílé. Ṣùgbọ́n Edward, àkọ́bí rẹ̀ ọkùnrin tí ó jọba, ní ilé tirẹ̀ ní Sandringham, kò sì sí ọ̀kan nínú àwọn àbúrò rẹ̀ tí ó fẹ́ ru ẹrù ìtọ́jú ilé ńlá bẹ́ẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé méjì nínú àwọn obìnrin wọn jogún ilé kéékèèké ní àyíká rẹ̀. Ní ọjọ́ tí wọ́n dé e ládé, ní oṣù kẹjọ ọdún 1902, ó fi Osborne ta orílẹ̀-èdè lọ́rẹ. Èyí ni ibi tí òfin ilé àdáni gbé e dé: bí ó bá jẹ́ ti adé ni, kì bá tí ní agbára láti fi tọrẹ.

Wọ́n dá ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ ogun ojú omi sílẹ̀ nínú ọgbà náà ní ọdún 1903, níbi tí àwọn ọmọ ọba méjì tí wọ́n jẹ́ Edward Kẹjọ àti George Kẹfà lẹ́yìn náà ti kàwé, ó sì parí ní 1921. Apá kan ilé di ibi tí àwọn ọ̀gá ológun tí ara wọn kò yá ti ń gba ìtọ́jú. Yàrá tí Victoria kú sí ni wọ́n fi ìlẹ̀kùn irin dí, tí àwọn ará ìlú kò dé ibẹ̀ títí di ọdún 1954. Láti ọdún 1986, àjọ English Heritage ni ó ń mójú tó ilé àti ọgbà, àwọn ni ó sì ṣí etíkun tí ọbabìnrin ti ń wẹ̀ sílẹ̀ fún gbogbo ènìyàn ní 2012.

Ní oṣù kẹwàá ọdún 2020, wọ́n gbé àwòrán Àìná kọ́ sí Osborne, èyí tí ayàwòrán obìnrin kan tí ń jẹ́ Hannah Uzor yà. Fọ́tò tí Camille Silvy yà ní 1862, tí ó wà ní ilé àwòrán ojú ènìyàn ti orílẹ̀-èdè (National Portrait Gallery) ní Lọ́ńdọ̀nù, ni Uzor wò yà á. Aṣọ ìyàwó ni ó wà lọ́rùn rẹ̀, èyí tí ó wọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ní Brighton, ìlú tí ọbabìnrin sá kúrò níbẹ̀ nítorí àwọn èrò, tí àwọn èrò kan náà sì dúró sí ojú pópó láti wo Àìná.